Bí A Bá Rán Ọmọ IT Níṣẹ́

Bí àsìkò IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe ní iléeṣẹ́, bá ti ń súnmọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ alukoro, tí ilé wọn wà ní Agboju, Festac àti Satellite Town ní Èkó, a máa bá mi pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ kan náà: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n á ti gbà mí.” Tí mo bá bi wọ́n pé níbo ni ọkàn wọn fà sí, wọn á ní Ìkẹjà, Lẹ́kí, Victoria Island. N kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ àdúgbò tirẹ̀. N kò lè bá wọn wí. Ibẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ alukoro tó lórúkọ fìdí kalẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni àwọn báǹkì àti iléeṣẹ́ tẹlifóònù tó ń gbé iṣẹ́ fún wọn wà. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn ó pẹ́, torí pé mo mọ ọ̀nà tó ti Agboju lọ síbẹ̀, mo sì mọ ẹni tó ń san owó rẹ̀.

Owó ọkọ̀ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí IT kì í sábà kà á sí. Ọmọ tó ń gbé Agboju, tó ń ṣe IT ní Ìkẹjà, gbọ́dọ̀ ti wà lójú títì Badagry kí ilẹ̀ tó mọ́. Yóò wọ dánfó dé Mile 2, yóò wọ òmíràn dé Òṣòdì, yóò tún wọ òmíràn. Láti 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ojú títì yìí. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti ń ṣe ìdánwò JAMB báyìí. Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, láti Marina sí Mile 2, kìlómítà 13, ti mú ara tu àwọn tó ń lọ sí Erékùṣù. Ṣùgbọ́n Mile 2 ni wọ́n fi ìpele àkọ́kọ́ mọ. Ìpele kejì, tó gba Festac lọ sí Okokomaiko, ni ti àwọn ará ibí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti di ohun tí bàbá àti ìyá ń jókòó jíròrò lé lórí lálẹ́.

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í fún ọmọ IT ní kọ́bọ̀. Wọ́n á ní ìmọ̀ ni àwọn ń fún un. Ta ló wá ń san owó ọkọ̀ tó ń gbé e dé ìdí ìmọ̀ náà? Ìyá tó ń ta tòmátò àti tàtàṣé ní ọjà Agboju ni. Láti inú èrè ata ni owó dánfó ti ń jáde, kí ọmọ lè lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ báǹkì. Aláta ló ń ran báǹkì lọ́wọ́. Ó dùn mí, n kò sì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àjọ aláàánú kan wà tí wọ́n ń pè ní Taylor Bennett Foundation, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ àti ọmọ Éṣíà ní iṣẹ́ alukoro, tó sì ń fún wọn lówó lásìkò tí wọ́n ń kọ́ ọ. Bí ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ọ̀fẹ́ tí owó ọkọ̀ kò sí, ọmọ olówó nìkan ni yóò dé ìdí rẹ̀.

Àwọn tó fi ètò IT lọ́lẹ̀ nílé níbí kò fẹ́ kó rí báyìí. Òfin 47 ti ọdún 1971 ni ìjọba ológun fi dá Industrial Training Fund, ìyẹn ITF, sílẹ̀. Nígbà tó di 1973, ITF gbé SIWES, ètò tí IT wà lábẹ́ rẹ̀, kalẹ̀, kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga lè fojú kan iṣẹ́ kó tó gboyè. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ kan síbẹ̀: ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà ní N2,500 lóṣù, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ti parí ilé ìwé kí wọ́n tó gbúròó rẹ̀. Logbook wà, ọ̀gá á fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olùkọ́ á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti ka ọ̀pọ̀ nínú àwọn logbook yìí. “Mo bá wọn ṣe ìpàdé.” “Mo ṣe fọ́tókọ́pì.” “Mo bá wọn ṣe ìpàdé.”

Ẹ wá wo ohun tó yí Agboju ká. Bí èèyàn bá kọjú sọ́nà Badagry, kò ní pẹ́ dé ọgbà Trade Fair, níbi tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ pọ̀ sí. Bó bá tún tẹ̀síwájú, ọjà Alaba International ni, ní Ọ̀jọ́. Ọmọ Ìgbò tó wá kọ́ òwò níbẹ̀ mọ iye ọdún tí yóò fi sin ọ̀gá rẹ̀ kó tó gbé ẹrù wọlé. Ọ̀gá ló ń bọ́ ọ, ọ̀gá ló ń fún un níbi tí yóò sùn, lọ́jọ́ tó bá sì parí, ọ̀gá á fún un lówó tí yóò fi dá dúró. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì láìsí àdéhùn níṣojú ẹlẹ́rìí, gbogbo àdúgbò ló sì máa ń mọ ọjọ́ tó bá ṣe fíríìdọ̀mù. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kan ń lé ọmọ dànù nígbà tí ọjọ́ ìdásílẹ̀ bá kù dẹ̀dẹ̀. Àdéhùn ṣì wà tí a lè fi pè wọ́n lẹ́jọ́. Ọmọ IT ní tirẹ̀ ń wọlé láìsí ẹni tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ, ó sì ń jáde láìsí ẹni tó lè jẹ́rìí ohun tó mọ̀.

Kí ni àwọn ọmọ IT tiẹ̀ ń ṣe ní ọ́fíìsì alukoro? Láyé ìwé ìròyìn, ọmọ IT ló ń fi àlùmọ́gàjí gé gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ oníbàárà, tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, tó sì ń gbé ìkéde kiri láti ilé ìròyìn kan sí èkejì. Nígbà náà, ọmọ Agboju sún mọ́ iṣẹ́ ju ọmọ Lẹ́kí lọ: Vanguard wà ní Kirikiri Canal, ThisDay wà ní Creek Road ní Àpápá, Champion wà ní Ìlasamájà, The Guardian wà ní Rutam House ní Ìsọlọ̀. Ẹni tó bá ń gbé ìwé rìn báyẹn máa ń dojú mọ olóòtú, á mọ ìgbà tí wọ́n ń ti ojú ìwé pa, á sì gbọ́ létí ara rẹ̀ ìdí tí wọ́n fi ju ìkéde tó gbé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lónìí, ímeèlì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Ọmọ IT á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa ka iye ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa oníbàárà lórí Facebook àti X, á máa to nọ́ńbà àwọn oníròyìn jọ. N kò kẹ́gàn rẹ̀, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ìyẹn fún oṣù mẹ́fà, tí kò rí ojú ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kò tíì kọ́ iṣẹ́ alukoro.

Ohun kan sì wà tí wọ́n ń kọ́ wọn níbi ìpàdé oníròyìn tí n kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀: pípín èǹfílóòpù. Owó ọkọ̀ oníròyìn ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò fún lówó ọkọ̀ ni wọ́n ń dá dúró sẹ́nu ọ̀nà láti máa fi owó ọkọ̀ lé àgbàlagbà lọ́wọ́, kó sì máa mú orúkọ wọn sílẹ̀. Ìlànà ìwà àwọn oníròyìn Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Ìlọrin ní 1998, sọ ọ́ kedere pé oníròyìn kò gbọdọ̀ béèrè ẹ̀bùn tàbí kó gbà á kó tó gbé ìròyìn jáde tàbí kó bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ tó ti kà á nínú kíláàsì ń wo àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó sì ń mọ èwo nínú méjèèjì ni ẹ̀kọ́ gidi.

Iṣẹ́ tó ní ìtàn ni iṣẹ́ yìí. Ní 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ni ìjọba amúnisìn dá ẹ̀ka Public Relations, ìyẹn alukoro, sílẹ̀ ní Nàìjíríà. UAC dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1949. Ní 1963 ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣe é kó ara wọn jọ, Sam Epelle sì ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ náà ló di NIPR, tí òfin 16 ti ọdún 1990 wá fún láṣẹ láti pinnu ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ náà. Ní 2020, àjọ NUC, tó ń bójú tó yunifásítì, pín ẹ̀kọ́ Mass Communication sí ọ̀nà méje, Public Relations sì di ẹ̀kọ́ tí a lè fi gba oyè lọ́tọ̀. Nínú gbogbo ìtàn yìí, mo ṣàkíyèsí pé láti òkè wá sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sábà ń gbà: ìjọba ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀, iléeṣẹ́ ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

Àwọn bàbá wa ti mọ iṣẹ́ ìránṣẹ́ kí NUC tó dé. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ọba rán pẹ̀lú ìbínú ń mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣeé gbọ́ kó tó dé etí àlejò. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kò sí ìwé tó kó iṣẹ́ alukoro já bí òwe yìí. Mo sì máa ń fi kún un pé ohùn ni àgbà ní ká tún ṣe. Bí iṣẹ́ tí a rán ni bá jẹ́ irọ́, kò sí bí a ṣe lè fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ibi tí kò jìnnà sí Agboju ni a ti rí ohun tí mò ń wí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, iná bú gbàmù ní Soba, ní Abule-Ado. Èèyàn tó ju 20 lọ ló kú. Ó ba ilé ẹ̀kọ́ Bethlehem Girls College jẹ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Rev. Sister Henrietta Alokha, kú níbi tó ti ń kó àwọn ọmọ jáde. Lọ́jọ́ náà gan-an ni NNPC, iléeṣẹ́ epo ìjọba, gbé ìkéde jáde pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ló lọ kọlu àwọn sílíńdà gáàsì nítòsí páìpù àwọn. Lọ́dún kan náà, BBC Africa Eye gbé ìwádìí tó ta ko ọ̀rọ̀ náà jáde: wọn kò rí ẹ̀rí pé sílíńdà ló fà á, àwọn onímọ̀ tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ sì ní láti inú páìpù fúnra rẹ̀ ni ohun tó gbiná ti ń jò.

Ẹni tó ń gbé Soba kò nílò BBC kó tó mọ ohun tó wà ní òpópónà rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí ọmọ IT kọ́. Lọ́pọ̀ ọ́fíìsì, ọwọ́ ẹni tó kéré jù ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń tẹ ìkéde kó tó dé iwájú ọ̀gá. Bí ẹni náà bá jẹ́ ọmọ àdúgbò, tó lè pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kó sì bi í pé, “Mọ̀mí, ṣé ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì wà lọ́dọ̀ yín?”, ìbéèrè á ti jáde kí ìkéde tó jáde. Láàárín àwọn tó mọ ilé bàbá ẹni, irọ́ kì í pẹ́ tú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé Amuwo-Ọ̀dọ̀fin kéré fún iṣẹ́ alukoro. Tìtorí ayẹyẹ àṣà kan ni wọ́n ṣe kọ́ Festac Town. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn òṣèré, akéwì àti onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè tó ju 50 lọ wá sí Èkó, àwọn ilé wọ̀nyí ni wọ́n sì kọ́ láti fi gbà wọ́n lálejò. Ìbòjú eyín erin ti Ìyá Ọba Idia ni wọ́n fi ṣe àmì ayẹyẹ náà, Erhabor Emokpae ló ya iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Nígbà tí British Museum kọ̀ láti yá wọn ní ojúlówó, àwọn elétò ní kí wọ́n gbẹ́ òmíràn ní Benin, wọ́n sì jẹ́ kí ayé gbọ́ pé wọ́n kọ̀. Lójú tèmi, ìkọ̀sílẹ̀ yẹn gbé orúkọ ìbòjú náà lọ sí ibi tí yíyá kò lè gbé e dé. Títí dòní ni àwọn èèyàn ń fi í béèrè ohun tí òyìnbó kó lọ. Ojoojúmọ́ ni ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ alukoro ń gba géètì Festac kọjá lọ sí Ìkẹjà, kò sì sí ẹni tó sọ ìtàn yìí fún un.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí apá kan nínú àwọn ọmọ yìí ṣe IT wọn nílé: ní ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Ọ̀dọ̀fin, ní Oriade LCDA, ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, lọ́dọ̀ àwọn CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Kí wọ́n ṣàlàyé owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lọ́jà fún àwọn tó ń san án, kí wọ́n sì gbé èsì wọn padà láìbu iyọ̀ sí i. Kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń sọ fún abiyamọ tí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ àjẹsára ń bà pé ẹ̀rù rẹ̀ kò burú, kí wọ́n tó sọ ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan á gbé wọn dé ibi iṣẹ́. Ìyálọ́jà á kọ́kọ́ bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa dáhùn, wọ́n á ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ lónìí, ilé ni wọ́n máa bá a lọ́la.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gbọ́ mi tán, ó ní, “Òótọ́ lẹ sọ, sà. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ ìjọba ìbílẹ̀ sínú CV mi, ta ló máa pè mí fún intafíù?” N kò rí èsì tó rọrùn fún un. Àwọn ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́ ní Ìkẹjà ni ìbéèrè náà tọ́ sí, mo sì ti ń bi àwọn tí mo mọ̀ nínú wọn. Ní tirẹ̀, mo sọ fún un pé kó tọ́jú gbogbo ìkéde tó bá kọ, pẹ̀lú ohun tí àwọn ará ọjà fi dáhùn, kó lè gbé iṣẹ́ gidi síwájú ẹni tó bá bi í. Mo sì kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ láti béèrè ààyè fún òun àti ẹnì kejì rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dárúkọ òṣìṣẹ́ kan pàtó tí yóò máa kọ́ wọn níṣẹ́, kí wọ́n má kàn kọ orúkọ ẹ̀ka. Owó ọkọ̀ ni mo kọ sí ìlà àkọ́kọ́.