Ohùn Ogójì Sípóòkù

Ìjọra tí mo ti kọ́ṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere kò ní òkè kankan yàtọ̀ sí Afárá Èkó. Ẹ̀bá ibi tí afárá náà ti gbéra lọ sí Àpọ́ńgbọ̀n ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà, tí ọkọ̀ ẹja yìnyín ń ro omi sílẹ̀ níwájú wa láàárọ̀ lálẹ́. Láàárín 1965 sí 1975 ni wọ́n kọ́ afárá náà. Lójú èmi ọmọdé, kò sí ohun tó ga jù ú lọ.

Ọdún kan gbáko ni mo fi ń lẹ tíúbù, tí mò ń fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì, kí ọ̀gá tó jẹ́ kí n jókòó ti ríìmù. Kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gbé àpò kòkó jáde lóko. "Ka sípóòkù iwájú." Mo kà á: 32. "Ka ti ẹ̀yìn." 40. Ó bi mí ìdí rẹ̀, mi ò mọ̀. Ó fọwọ́ lu kẹ́ríà. "Ibo lẹrù máa ń wà?"

Ó dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ríìmù ń jó, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì. Ọ̀gá kò tíì mú kọ́kọ́rọ́ sípóòkù. Ó fi èékánná ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta gìtá. Èyí tó le dún kín. Èyí tó dẹ̀ dún bọ̀ọ̀, bí ẹni tí oorun ń kùn.

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"O ò tíì gbọ́."

Òótọ́ ni. Ó ní tí ríìmù bá fà sọ́tùn-ún, kí n fún sípóòkù òsì, kí n sì dẹ ti ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀. Èmi ń fún ṣáá ni, mi ò dẹ ìkankan. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ríìmù ti rí bí ẹyin. Ọ̀gá kò pariwo. Ó tú gbogbo 40 náà, ó ní, "Ó yá, tún bẹ̀rẹ̀." Mo ṣì ń dúpẹ́ ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ dòní.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó dé, ó máa ń ní kí n gun afárá lọ, kí n sọ̀ bọ̀. "Má di búréèkì mú pinpin. Tẹ̀ ẹ́, tú u. Tí ìrì bá sẹ̀, tètè máa tẹ̀ ẹ́, kí rọ́bà lè nu omi kúrò lára irin." Mi ò rí ìwúlò rẹ̀: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ afárá ti máa tán kí irin tó gbóná.

Lẹ́yìn fíríìdọ̀mù mi, mo di Raleigh mọ́ orí bọ́ọ̀sì, ó di Èkìtì. Ọ̀nà tí mo yàn yí po: Ìkọ̀gòsì sí Ìgbàrà-Odò, ibẹ̀ sí Ìláwẹ̀, kí n gba Erínjìyàn padà sí Ìkọ̀gòsì. Àwọn àgbà ní òkìtì ló bí orúkọ Èkìtì; ẹsẹ̀ mi jẹ́rìí sí i. Níbi tó le jù, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tì í. Kùrukùru bo àfonífojì, igi kòkó lápá kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lápá kejì, orí òkè nìkan ló yọ. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé ọwọ́ mi.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn kan dé. Mo tẹ búréèkì, kò mú: ìrì wà lára irin, rọ́bà kàn ń yọ̀. Àyà mi já. Mo tẹ̀, mo tú, mo tẹ̀, mo tú, títí irin fi gbẹ. Nígbà tí mo dúró nísàlẹ̀, mo fọwọ́ kan ríìmù, ó jó mi.

Ní Ìkọ̀gòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lọ pàdé ara wọn. Mo ki ẹsẹ̀ kan bọ ọ̀kan, mo ki èkejì bọ èkejì. Lẹ́yìn náà mo dojú kẹ̀kẹ́ dé sórí koríko, mo ta sípóòkù ẹ̀yìn láti orí ọ̀kan dé orí ogójì. Mọ́kàndínlógójì dún kín. Ọ̀kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò fáàfù, dún bọ̀ọ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, mo tún ta á.