Ta Ló Ni Ìríra?

Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan ti gbà mí lọ́kàn: nauseate. Bí oúnjẹ bá mú kí èébì gbéni, òun ni wọ́n ń lò. Bí ìwà ẹnì kan bá ń ríni lára, òun náà ni. Orí omi ló ti ṣẹ̀ wá. Naus ni àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pe ọkọ̀ ojú omi, ara rẹ̀ sì ni wọ́n ti fa orúkọ àìsàn tí ìgbì òkun ń kó bá èrò ọkọ̀ yọ. Ó gba ẹnu àwọn ará Róòmù kó tó dé Gẹ̀ẹ́sì.

Ìlò rẹ̀ àtijọ́ ni kò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀. Nínú The Way of the World, eré tí William Congreve kọ ní 1700, ọmọge kan, Millamant, fi í sọ bí òun ṣe kórìíra kí èèyàn máa rìn gbafẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni olùwà gbólóhùn náà. Ìrìn ni àbọ̀. Lónìí, ó ti yí padà. Ohun tí a kórìíra ló bọ́ síwájú bí ọ̀daràn, tí àwa wà lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1872, Charles Darwin ròyìn ọmọ onílẹ̀ kan ní Tierra del Fuego tó fi ìka kan ẹran tó ti tutù tí òun ń jẹ. Rírọ̀ ẹran náà rí ọkùnrin náà lára. Ìka ọkùnrin náà sì rí Darwin lára, bẹ́ẹ̀ ó jẹ́wọ́ pé ọwọ́ ọ̀hún kò jọ ọwọ́ tó dọ̀tí. Kí wá ni ọwọ́ náà ṣe?

Mo kéré nígbà tí ọmọdé kan bì nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀. Àwọn èrò bo imú, wọ́n ń jágbe mọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹni pé ó jalè. Ìyá àgbà kan tí kò mọ̀ wọ́n rí gba ọmọ náà sórí itan, ó ń fi ìborùn nù ún lẹ́nu: "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi."

Ìwádìí kan tó jáde ní 2006 fi hàn pé òórùn ìgbẹ́ ọmọ tiwọn kì í rí abiyamọ lára tó ti ọmọ ẹlòmíràn. Mo gbà. Ìyá àgbà yẹn ńkọ́? Òórùn kan náà ni gbogbo wa gbọ́. Bó bá jẹ́ èébì ló dá ìríra sílẹ̀, kò ní yọ ọ́ sílẹ̀. Ìlò Millamant ló wù mí kó padà, àgàgà níbi tó bá ti jẹ́ ènìyàn ẹlẹgbẹ́ wa la ń sọ pé ó ń rí wa lára.