Oúnjẹ Wa Lórí Tábìlì Ọlọ́lá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe yìí, mo sì máa ń sọ fún wọn pé ipò ni òwe náà ń tò: ó gbé iyán jókòó sórí àga, ó ní kí ẹ̀kọ jókòó sílẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn alásè kan ti dìde tí wọ́n ń tún ipò náà tò. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ó kan iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìwé Michelin fi ìràwọ̀ kan dá Chishuru lọ́lá, ilé oúnjẹ tí Adejoké Bakare dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Michelin tí mo wí yìí, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe táyà ọkọ̀ ní ilẹ̀ Faransé ni. Ní ọdún 1900 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé atọ́nà fún àwọn onímọ́tò, títí tí ìràwọ̀ inú rẹ̀ fi di ohun tí àwọn alásè ń lé kiri. Bakare ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ìràwọ̀ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kàdúná ni ó ti dàgbà; Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ìgbò ni ìyá rẹ̀, èdè Haúsá ni ó sì ti mú orúkọ ilé oúnjẹ rẹ̀: ìdákẹ́jẹ́ tí ó máa ń wà nígbà tí oúnjẹ bá dé iwájú ènìyàn. Èkuru ti wà lára ohun tí ó gbé ka iwájú àlejò. Ẹ̀gúsí ni ó fi sè é, kì í ṣe ẹ̀wà bíi tiwa, síbẹ̀ kò pa orúkọ rẹ̀ dà. Ní ọjọ́ kan náà ni ilé oúnjẹ Akoko gba ìràwọ̀ tirẹ̀. Ikoyi, tí Iré Hassan-Odukale àti Jeremy Chan dá sílẹ̀ ní 2017, ti gba èkejì ní 2022. Ní Èkó níbí, Michael Elégbèdé kọ́ṣẹ́ àsè ní Amẹ́ríkà, ó padà wálé, ó sì sọ ilé oúnjẹ tirẹ̀ ní Ìtàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan gbé mi lọ sí irú ilé oúnjẹ báyìí ní Victoria Island. Láti Àtàn-Ọ̀tà débẹ̀, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ gba wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ wa. Kò sí ẹni tí ó bi wá pé kí ni a fẹ́ jẹ. Alásè ti pinnu rẹ̀. Àwo méje ni wọ́n gbé wá tẹ̀lé ara wọn, ohun tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju òkèlè méjì lọ. Nínú àwo kẹta, ohun funfun kékeré kan jókòó sáàárín omi ata pupa. Ọmọkùnrin tí ó gbé e wá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé rẹ̀ títí. Mo tọ́ ọ wò: ó tutù, ó kan díẹ̀, ahọ́n mi sì dá a mọ̀. Mo fi Yorùbá bi ọmọ náà pé kí ni orúkọ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀kọ ni, mà."

N kò bínú sí alásè náà. Oúnjẹ rẹ̀ dùn. Akéwì pàápàá, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́ ni ó ń tò lọ́nà tí a kò rí rí. Òótọ́ ni pé owó tí akẹ́kọ̀ọ́ mi san ju èyí tí mo fi ń bọ́ ilé mi fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Kì í ṣe oúnjẹ gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mí jù ni pé ẹ̀kọ gorí tábìlì ọlọ́lá, orúkọ rẹ̀ sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Orúkọ oúnjẹ kì í ṣe àkọlé lásán; ìmọ̀ ni a dì sínú rẹ̀. A ó rẹ àgbàdo, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ. Èyí tí ó kù nínú asẹ́ ni èèrí, tí ẹran ọ̀sìn ń jẹ. Èyí tí ó silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ni ògì, omi kíkan tí ó wà lórí rẹ̀ ni omidùn, tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ àgbo. A ó se ògì lórí iná, a ó sì pọ́n ọn sínú ewé eéran. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sọnù nínú ìwọ̀nyí, ìgbésẹ̀ kan ni ó bá a lọ. Ìrẹsì ọ̀fadà ń gbé orúkọ ìlú Ọ̀fadà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, kiri ayé.

Mo wá béèrè èèrí lọ́wọ́ kíláàsì SS2 mi. Láti 1995 ni wọ́n ti ń ṣe Indomie ní Nàìjíríà, Ọ̀tà tiwa yìí ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni òbí púpọ̀ nínú wọn ti ń jẹun, n kò sì ní bú ohun tí ń bọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà mọ orúkọ gbogbo adùn inú ọ̀rá. Kò sí ẹni tí ó dáhùn pé òun mọ èèrí. Nígbà tí agogo lù, ọmọbìnrin kan wá bá mi ní kọ̀rọ̀.

"Mà, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ ni màmá mi ń tà. N kò fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Mo sọ ọ̀rọ̀ Bakare fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé èkuru náà ni ó pè é níwájú àwọn òyìnbó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, òun ni ó kọ́ kíláàsì ní bí a ṣe ń ṣe ẹ̀kọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ méjì kún èyí tí èmi mọ̀.

Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ilé ìdáná jẹ́ ìwé tí a kò tíì kà tán. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó dáná yín lálẹ́ òní, ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun tí oúnjẹ yín kọjá kí ó tó dé inú àwo. Bí alásè ńlá kan bá ti àárín yín jáde lọ́la, kí ó lè ní orúkọ tí yóò pe ohun tí ó gbé wá.