Iṣẹ́ Mi Kì Í Ṣe Ìranù

Ọmọ àbúrò mi bi mí láìpẹ́ yìí pé, "Bàbá, gbogbo fíìmù tí ẹ gbé kiri nígbà yẹn, ẹ̀kọ́ wo ló kọ́ ìlú?" Ìbéèrè náà ká mi lára, nítorí ọ̀pọ̀ ló ti pe iṣẹ́ yìí ní ìranù lójú mi.

Àsìkò tí fíìmù Ayé tí Hubert Ògúǹdé ṣe gbòde ni ọ̀gá mi gbà mí síṣẹ́ fífi fíìmù hàn kiri. Projẹ́tọ̀ rẹ̀ ló fẹ́ràn jù láyé. Òun nìkan ló ń nu ojú rẹ̀. Bí fíìmù bá parí, kì í jẹ́ kí n pa jẹnẹrétọ̀. Á dìde, á ní: "Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣépè fún àjẹ́ inú fíìmù, ta ni nínú yín tí kò dalẹ̀ ọ̀rẹ́ rí?" Àríyànjiyàn á wá bẹ̀rẹ̀. N ò rí irú rẹ̀ rí.

Ní 1982, Bàbá Sàlá aláwàdà fi owó yíyá ṣe fíìmù Ọ̀run Móoru. Nínú fíìmù, gbájúẹ̀ ló kó o lówó jẹ. Níta, àwọn tó jí fíìmù náà dà kọ ló sọ ọ́ di onígbèsè. Ọ̀gá mi kọ̀, kò fi ayédèrú hàn. Èmi náà kò fi hàn. Àwọn tó fi hàn kọ́lé. Nígbà tí fídíò gbòde, gílóòbù projẹ́tọ̀ wa jó, a ò rí òmíràn rà, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló gbé projẹ́tọ̀ náà lọ.

Fídíò lọ, CD dé, CD lọ, fóònù dé.

Ṣùgbọ́n kí fídíò tó lọ, mo ṣe tèmi. Mo fi fídíò Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1993 hàn ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun níbí. Ará Ìlobùú àti ará Ìfọ́n tó múlé tì wá náà wá. Nínú rẹ̀, Bàbá Wáńdé ló ṣe ìjòyè tó lọ́wọ́ nínú títa ilẹ̀ àjogúnbá ìlú. Mo bi wọ́n pé: ikú ló ń bà á lẹ́rù ni, àbí ohun tó ṣe? Ilẹ̀ ṣú gan-an ká tó túká. Nígbà tí Ṣaworoidẹ dé ní 1999, tí Lápité inú fíìmù náà kọ̀ tí kò búra kó tó jọba, àwọn ọmọ Àyàn ìlú wa ló gba ọ̀rọ̀ náà kanrí: ta ni onílù ń ṣiṣẹ́ fún, ọba tàbí ìlú? Àgbà kan dáhùn pé ìlú ni, nítorí ọba ń wàjà, ìlú kì í wàjà.

Ní 2025, ìjà ààlà ilẹ̀ mú kí ìjọba Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú, Ẹ̀rìn àti Ìfọ́n. Nígbà náà, kálukú ti ń dá wo fíìmù lórí fóònù. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnìkejì ní nǹkan kan mọ́. Ẹni tó bá sọ pé owó lásán ni mo gbà, kó sọ ibòmíràn tí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jókòó pọ̀ sọ̀rọ̀ ilẹ̀ láìfa àdá yọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní ẹ̀rọ tó fúyẹ́ ju tiwa lọ, ẹ ta aṣọ funfun sí gbàgede, ẹ pe ará Ìlobùú, ẹ pe ará Ìfọ́n, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kí wọ́n tó relé.