Freetown, Ìlú Òkè àti Òkun

Ẹni tó bá bá bàálù dé Sierra Leone, Lungi ló máa bọ́ sí, bí kò bá sì fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn yíká, yóò tún wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó dé Freetown. Inú ọkọ̀ yẹn ni mo wà tí mo kọ́kọ́ rí àwọn òkè náà: igbó bò wọ́n, ìkùukùu wé wọn lórí bíi gèlè. Mo mọ òkun Èkó, mo mọ ti Àgbádárìgì, n ò tíì rí ibi tí òkè ti fara ti òkun tó báyẹn.

Ìlú yìí kan náà ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ̀ lọ́jọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1999. Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1991 kò rọlẹ̀ títí di 2002. Wọ́n sọ ọmọdé di jagunjagun, wọ́n gé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Nàìjíríà tí ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kó lọ ló kú síbẹ̀.

Ní etíkun Lumley, mo wo àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀pá méjì ni wọ́n fi ń sáré lórí iyanrìn, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbá a. Ti amúlé yàtọ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ọwọ́ kan ni kò sí. Bó ṣe ń fi àyà gba bọ́ọ̀lù, tó ń ṣubú, tó tún ń dìde, orí mi wú.

Ìgbìmọ̀ tó wádìí òtítọ́ ogun náà jábọ̀ ní 2004, ó ní kí ìjọba máa fún irú wọn lówó ìtọ́jú, kí wọ́n sì máa gbàwòsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Owó táṣẹ́rẹ́ ló tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Èyí dùn mí gan-an.

Ọ̀rọ̀ Freetown kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí àwa Yorùbá. Freetown ni wọ́n gbé Àjàyí Crowther sọ̀ kalẹ̀ sí ní 1822, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1827. Títí dòní, bí àwọn Krio, ìran àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú, bá ń ṣe àwùjọ fún òkú ọ̀run, àkàrà wà lára oúnjẹ tí wọ́n ń sè.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ gba ìsinmi ní Dubai, ẹ yà sí Freetown lọ́dún yìí. Ẹ wo òkè, ẹ wẹ̀ nínú òkun. Bí ẹ bá sì bá àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn ní Lumley, ẹ dúró wò wọ́n, kí ẹ sì fi nǹkan gidi sílẹ̀ fún wọn.