ỌGBẸ́ ÀYÀ ÀTI ÌTỌ́JÚ ILÉ

Ta ni kò ní dúpẹ́ bí a bá sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ tí a ṣe fún ẹni rẹ̀ yọrí sí rere? Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ rán gbogbo ilé létí ni èyí: nígbà tí dókítà bá fi abẹ sílẹ̀, ọgbẹ́ ṣì kù, àwa ará ilé ni yóò sì tọ́jú rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ ọkàn kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa mọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1974 ni a kọ́kọ́ ṣí ọkàn ènìyàn ní Nàìjíríà, ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì ní Enugu. Ní Rẹ́mọ tiwa pàápàá, a ti ṣe é ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn, tí ará Simawa lè gba Ṣágámù dé.

Kí ọwọ́ tó lè tó ọkàn, àwọn oníṣègùn a máa la eegun àyà ní agbedeméjì. Bí wọ́n bá parí, wọn a fi wáyà irin so ó pọ̀, wọn a sì rán awọ ara bò ó. Bí kòkòrò àrùn bá gba ojú ọgbẹ́ náà wọ abẹ́ eegun, kò jìnnà sí ọkàn mọ́, ó sì lè gba ẹ̀mí. Ewu yìí pọ̀ jù fún àwọn alátọ̀gbẹ àti àwọn tí ó sanra jọjọ.

Ó pẹ́ tí a ti ń bá ọ̀tá yìí jà. Ní ọdún 1865, ní Glasgow, dókítà Joseph Lister fi aṣọ tí a rì sínú oògùn carbolic di ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 11 kan tí kẹ̀kẹ́ ẹrù gùn, ọgbẹ́ náà sì jinná láìkẹ̀. Lónìí a ní aṣọ ìdọgbẹ́ tí a fi fàdákà, iodine tàbí oyin sí, kí wọn lè pa kòkòrò. Dókítà lè yàn wọ́n fún ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí a má fi wọ́n rọ́pò aṣọ lásán tí ó mọ́ lórí ọgbẹ́ tí a ti rán pa, nítorí kò sí ẹ̀rí tí ó lágbára pé wọ́n sàn jù. Ohun tí Àjọ náà tẹnu mọ́ ni pé kí aláìsàn wẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí a má fi abẹ fá irun ara rẹ̀, kí a sì fún un ní oògùn apakòkòrò láàárín wákàtí méjì ṣáájú kí a tó là á.

A lọ kí baba kan ní Simawa tí ó ti ibi irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ dé. Àlejò kún ilé. Ìyá àgbà kan mú ìyẹ̀fun oògùn jáde tìfẹ́tìfẹ́, ó ní kí a tú aṣọ àyà baba náà, kí òun dà á sí i kí ó lè tètè gbẹ. Ọmọbìnrin baba kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí a má fọwọ́ kàn án.” Àwọn kan kùn pé ọmọ náà kò ka àgbà sí. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, omi díẹ̀ sun láti ìdí ọgbẹ́ náà. Ọmọbìnrin yìí kò dúró kí ó di ọyún; ní kùtùkùtù ó ti mú baba rẹ̀ padà sí ilé-ìwòsàn. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì sàn. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Nítorí náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó súnmọ́ ọgbẹ́. Ẹ má tú aṣọ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá. Ẹ má fi àgbo, epo tàbí ìyẹ̀fun sí i. Bí ó bá pọ́n, tí ó wú, tí ó ń rùn, tí ibà mú aláìsàn, tàbí tí eegun àyà ń mì nígbà tí ó bá wúkọ́, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbàdúrà fún un, kí ó gbé ọwọ́ sókè. Kí ó má gbé e lé ojú ọgbẹ́.