Òòfà Kò Lẹ̀ Mọ́ Ọn! Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Lándírófà Àtijọ́ Kan ní Dọ̀pẹmu

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ bíríìjì Dọ̀pẹmu láàárọ̀ Sátidé, ẹ di báàgì yín mú dáadáa kí ẹ tó wòkè. Lápá kan, àwọn kọ̀ńdọ́ ń pe Agége. Lápá kejì, wọ́n ń pe Akówonjo àti Ẹgbẹ́dá. Lórí bíríìjì, àwọn mọ́tò tó ń lọ sí Sango, Ifọ̀ àti Abẹ́òkúta ń sáré kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo yà kúrò nínú ariwo yẹn, mo gba àdúgbò kan tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé lọ. Awakọ̀ ìjọba ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Irin kan tí gbogbo àdúgbò ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí ni mo fẹ́ lọ wò: Lándírófà oní-dísù tí Bàbá ti ń tún ṣe lẹ́yìnkùlé láti ọdún 2017.

Ẹ kò lè tètè rí i, torí àárín kànga àti ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí ló wà. Adìyẹ ti yé sábẹ́ rẹ̀ rí. Bàbá jókòó sórí àpótí, ó ń fi dísù fọ bọ́ọ̀tù nínú abọ́ kan tí mo mọ̀ dájú pé abọ́ ọbẹ̀ Ìyá ni. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Ó ní, "Akọ̀wé, wá bá mi di tọ́ọ̀ṣì yìí mú." Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Lándírófà kì í ṣe àjèjì létí àwọn àgbà. Ọdún 1948 ni ilé iṣẹ́ Rover gbé àkọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun àgbáyé kejì ò tíì pẹ́ tó parí, irin wọ́n bí ojú, ni wọ́n bá fi alumíníọ́mù ṣe ara rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o. Nígbà tó yá, wọ́n ń to òmíràn pọ̀ ní Ìbàdàn níbí, nílé iṣẹ́ Leyland. Ti Bàbá yìí, oríṣi kẹta ni, èyí tí wọ́n ṣe láàrin 1971 sí 1985. Ibi gbàǹjo ọkọ̀ ìjọba ló ti rà á.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà, ọ̀pá méjì mìíràn wà, olórí yẹ́lò àti olórí pupa. Tí ẹ bá tẹ olórí yẹ́lò mọ́lẹ̀, táyà iwájú á máa fà pẹ̀lú tẹ̀yìn. Tí ẹ bá dúró tí ẹ fa olórí pupa sẹ́yìn, mọ́tò á máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á pọ̀ sí i, bí alágbàárù tó ń rọra gun òkè.

Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ ni yóò kì pọ̀. Nínú ti Bàbá, afẹ́fẹ́ tó gba àyè 23 ni yóò fún di àyè kan ṣoṣo, á wá gbóná débi pé bí nọ́súlù bá ti fọ́n epo sí i, iná ti ràn. Tíṣà wa kọ ọ́ sí pátákó ní sẹ́kọ́ńdìrì, kò yé mi. Bàbá kàn bi mí pé, "Ṣé o ti fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí? Ṣé páńpù ọ̀hún kì í gbóná lọ́wọ́ rẹ?" Ó yé mi wàyí. Omi inú epo ni ọ̀tá páńpù dísù. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi kọ́kọ́ fi asẹ́ epo kejì kún un, oní-kọ́ọ̀bù gíláàsì, tí omi máa ń sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó tó débi páńpù.

Ó wá ku ti àṣìṣe rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ọ̀dà ló kọ́kọ́ kùn! Àwọ̀ ewé, ó ń dán yinrin. Àwọn aládùúgbò ń kí i kú oríire. Owó àjọ Ìyá ló bá ọ̀dà náà lọ. Gààrí ni Ìyá ń tà, Bàbá sì ti ṣèlérí fún un pé mọ́tò yìí ni yóò máa kó o láti àwọn abúlé ẹ̀yìn Ifọ̀ tí ọkọ̀ kéékèèké kì í lè wọ̀ lásìkò òjò. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wẹ́dà kan wọ abẹ́ rẹ̀, ó fi òòlù gbá ṣásì, òòlù bá wọlé ṣìnkún bí ìka nínú ẹ̀kọ. Ara alumíníọ́mù kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n irin ni ṣásì tó gbé e, apá ẹ̀yìn tí ẹrẹ̀ máa ń dì sí ló sì ti jẹrà jù. Wọ́n tú ara ọkọ̀ kúrò, wọ́n gé ibi tó jẹ, wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn, wọ́n sì da kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì sínú rẹ̀ kí omi má rí àyè. Kí wọ́n tó ṣe tán, ọ̀dà ti ha tán. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá ò fi bá Bàbá sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà, ṣásì ló ń ṣáájú, búréèkì tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnnì ló kàn. Bí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé, ó di Ládìpọ̀ ní Mushin tàbí Owódé Onírin. Bí kò bá wọlé, Bàbá á máa fọ bọ́ọ̀tù.

Lọ́dún 2023 tí epo bẹntiróòlù gbówó lórí, owó ọkọ̀ láti Ifọ̀ fò sókè. Ọ̀rọ̀ náà sú Ìyá. Ó pe ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù wọlé. Bàbá jókòó sórí àpótí rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ọkùnrin náà fi òòfà kan ilẹ̀kùn Lándírófà, òòfà já bọ́. Ó sáré mú un sápò, ó wá ń dá owó irin lé gbogbo rẹ̀ lórí.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ ojú tí Ìyá fi wò ó. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò jáde. "Ẹ gbé òòfà yẹn wá ná." Kò lẹ̀ mọ́ ìkòkò. Ó ní, "Alumíníọ́mù ni ìkòkò mi. Ṣé iye irin lẹ máa fi rà á lọ́wọ́ mi?" Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fowó kún owó. Ìyá ní, "Ó dàbọ̀." Ó wá kọjú sí Bàbá: "Bàbá àwọn ọmọ, kí ló kù tí ẹ ò tíì rà?"

Táyà méjì ló kù, àti háídírófáàkì tí yóò máa bá ẹsẹ̀ Bàbá ti búréèkì, nítorí orúnkún rẹ̀ kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́. Ìyá gba àjọ mìíràn, ṣùgbọ́n òun ló di ìwé ìṣirò mú. Kò sí ọ̀dà títí mọ́tò yóò fi kó iye gààrí tí òun bá dá.

Sátidé yẹn ni ìrìn àkọ́kọ́. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́, ó dúró kí àwọn wáyà inú ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ pọ́n, ó ka ení dé ogún, ó sítáàtì. Èéfín bo aṣọ tí wọ́n sá. A gba Ìyànà-Ìpájà, a gba Sango. Gbogbo dánfó ló ń fun fèrè lé wa lórí, torí Bàbá kì í sáré. Ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀ débi pé ìgbe la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn Ifọ̀, a yà sínú ẹrẹ̀. Mọ́tò akérò kan ti rì síbẹ̀, àwọn èrò inú rẹ̀ ń tì í. Bàbá dúró, ó fa olórí pupa, a sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ìjàpá, ìdí mi ń fò lórí àga. Kì í ṣe mọ́tò ẹlẹ́gẹ́ o.

Ilẹ̀ ti ṣú ká tó padà sí Dọ̀pẹmu. Bí a ti ń sọ ẹrù, mo rí i tí Bàbá ń fọwọ́ pa ibi tí ọ̀dà ti ha lára ilẹ̀kùn. Ìyá náà rí i. Ó ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀, ó ní kí n bá òun kọ ọ́ síbẹ̀: "Àpò mẹ́sàn-án. Ó ku àpò mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ká tó sọ̀rọ̀ ọ̀dà."